Àwọn Tó Ń Tẹ Orin Tá A Gbàgbé

Ẹni tó bá ń gbé ní Lotto mọ̀ pé dùùrù ò wọ́n wa. Láti Ìbàfò dé Mówè, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lósì, kò sì sí èyí tó kéré débi tí kò ní ní kíbọ́ọ̀dù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé àdúrà, kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa dún lẹ́ẹ̀kan náà ní òpópónà kan ṣoṣo, kálukú pẹ̀lú orin tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á sì máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Èmi náà wà nínú wọn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ìgbà tí mo ti ń wá orin pẹ̀lú ìka kan títí dìgbà tí mo lè bá akọrin èyíkéyìí lọ síbi tó bá ń lọ.

Ṣùgbọ́n inú danfó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Ayọ̀ Bánkọ́lé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú wa lórí Long Bridge, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé tó bá ti mú yín níbẹ̀ lálẹ́ Fúráìdè, àfi kẹ́ ẹ wá nǹkan ṣe. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo ń yẹ YouTube wò láìwá nǹkan kan pàtó. Fídíò kan jáde, obìnrin kan jókòó sídìí piánò ńlá dúdú. Wọ́n kọ àkọlé rẹ̀ síbẹ̀: Egun Variations in G. Wọ́n wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín: Ayo Bankole. Mo ní, “Bánkọ́lé wo?” Orúkọ tó jọ ti kọ́ńdọ́ọ̀ wa yìí, kí ló gbé e dé àárín irú àwọn orin bẹ́ẹ̀? Ká tó kúrò lórí afárá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Rebeca Omordia lorúkọ obìnrin náà. Romania ni wọ́n bí i sí. Ará ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìlú London ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2018 ló gbé àwo kan jáde tó pè ní Ekele, orin piánò àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ti Bánkọ́lé sì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022 ló tún gbé òmíràn jáde, African Pianism. Bánkọ́lé ti kú láti 1976. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ohun tó lé ní ogójì ọdún ló wà láàárín ọjọ́ tí ọkùnrin yìí kú àti ọjọ́ tí àwo Ekele jáde. Níbo ni orin náà wà láti ọjọ́ yìí? Ìbéèrè yẹn ló lé mi débi tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí náà. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, bàbá tó bí bàbá Fela, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Nígbà tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èdè Yorùbá ló fi kọ wọ́n, piánò ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń gba Yorùbá àti piánò sílẹ̀ pa pọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àmọ́ nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, ìránṣẹ́ ni piánò jẹ́. Ohùn ni ọ̀gá.

Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni dùùrù gbà wọlé tọ̀ wá, wàhálà kan sì bá a wọlé. Àwọn tó túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kó ọ̀rọ̀ tuntun sórí orin àtijọ́. Orin òyìnbó ò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ wá gbé ọ̀kan nínú wọn sórí orin tó ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ ti ń kọrin igbá nígbà tẹ́ ẹ lérò pé ẹ̀ ń kọrin ìgbà. Títí dòní là ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé tẹ́nì kan bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, a ó ní kò mọ orin kọ.

Ẹni tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí gidi ni Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ó ní tí a bá fẹ́ kọrin fún Ọlọ́run ní Yorùbá, kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé Yoruba Music tó jáde ní 1953 lórí rẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù kó tó lọ sí London ní 1934. (Ṣówándé yẹn kan náà ló tẹ piánò nínú Rhapsody in Blue ti Gershwin ní London ní 1936. Tí wọ́n bá ní ọmọ Nàìjíríà ò sí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.) Abẹ́ Phillips náà ni Ayọ̀ Bánkọ́lé ti kọ́ ọ̀gànù.

Bánkọ́lé gan-an, inú dùùrù ni wọ́n bí i sí. Jos ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, 1935. Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré ni wọ́n mú un wá s'Ékòó lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lòun náà. Ó lọ sí Baptist Academy. Ní 1957 ó gba Guildhall ní London lọ, lẹ́yìn náà ó lọ sí Cambridge, lẹ́yìn náà Los Angeles, kó tó padà wálé ní 1966. Ó ṣiṣẹ́ ní rédíò NBC, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Láàárín gbogbo ìrìn yìí ló ń kọ orin: ti ọ̀gànù, ti ẹgbẹ́ akọrin, ti ohùn kan pẹ̀lú piánò, àti Nigerian Suite tó jẹ́ ti piánò nìkan. Ní 1974 ó kọ Festac Cantata sílẹ̀ nítorí àjọ̀dún ńlá tí gbogbo ayé aláwọ̀ dúdú ń bọ̀ wá ṣe l'Ékòó.

FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, 1977. Ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, 1976, wọ́n ti pa Bánkọ́lé àti ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ikú yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí ikú máa ń ṣe sí irú orin yìí. Tí olórin jùjú bá kú, àwo rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀rọ á máa kọ ọ́ lọ. Tí aláàpàlà bá kú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ orin sílẹ̀ lórí ìwé, ìwé ló fi sílẹ̀. Ìwé ò sì ní ohùn. Ó dà bí ìgbà tí ìyá yín kọ gbogbo bó ṣe ń se ọbẹ̀ sínú ìwé tó sì lọ. Títí ẹnì kan á fi dá iná, kò tíì sí ọbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ díẹ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n ṣe dáadáa, ká má purọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ṣì wà ní ìwé àfọwọ́kọ, èyí tí wọ́n sì tẹ̀, ẹ lọ wá a lónìí kẹ́ ẹ rí i bóyá ẹ óò rí ju fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akin Euba ní ẹ̀mí gígùn jù ú lọ. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, kò tó ogún ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Èkó ni wọ́n bí Euba sí, ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, 1935. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní piánò. Ní 1952 ó lọ sí Trinity College of Music ní London, ó padà wá ṣiṣẹ́ ní NBC, ó kàwé ní Los Angeles, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana, Legon, ní 1974. Kí ló kàwé lé lórí? Ìlù dùndún. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọkùnrin tó mọ piánò tó báyẹn padà lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àyàn, ìwé ńlá tó kọ lórí dùndún sì jáde ní 1990.

Euba ló fún ọ̀nà yìí lórúkọ: African pianism. Ká sọ ọ́ lọ́nà tó yé wa: ó ní piánò kì í ṣe àjèjì pátápátá. Abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, òòlù kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ń lu okùn irin. Ìlù ni! Ìlù tó ní ohùn 88. Nítorí náà, dípò kí ọmọ Áfíríkà máa tẹ ẹ́ bíi ti Chopin nìkan, ẹ jẹ́ kó lù ú. Kí ọwọ́ òsì mú ìlù kan kó má jù ú sílẹ̀, bí gúdúgúdú ṣe máa ń wà lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ òde títí di òpin. Kí ọwọ́ ọ̀tún máa sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Scenes from Traditional Life tó kọ ní 1970, tí Ifẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1975, irú rẹ̀ ni. Kò rọrùn fún etí, mo kìlọ̀ fún yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé fóònù mi ti bàjẹ́.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Euba kéré, ó sì rọrùn gbọ́: Three Yoruba Songs Without Words. Omordia tẹ ẹ́ sínú àwo 2022 yẹn. Orin Yorùbá mẹ́ta tí kò ní ọ̀rọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Nílẹ̀ Jámánì, Mendelssohn kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin piánò kéékèèké tó pè lórúkọ tó jọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ ò sì sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ wọn ò lè sọ pé báyìí ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ńkọ́? Ṣé orin Yorùbá lè wà láìní ọ̀rọ̀? Tí ọmọ àyàn bá lu orúkọ yín lójúde, ẹnu rẹ̀ pa dé, ẹ ò sì ní yí orí padà? Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀rọ̀ ti wà nínú wọn. Ohun tí Euba yọ kúrò nínú orin yẹn ni ẹnu. Ọ̀rọ̀ kù síbẹ̀.

Èyí ló yí ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ mi padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtijọ́ ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí orin tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà, ohùn ò sí. Euba wá ṣe òdìkejì rẹ̀ gan-an: ó fún wa ní ohùn, ó gba ọ̀rọ̀. Ohun tó sì jẹ́ ìyanu ni pé tiẹ̀ ló ń sọ Yorùbá jù.

Ẹ wá rí ibi tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ti wọlé. Àwọn kan lérò pé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù irú orin yìí ò ju kó ka ohun tí wọ́n kọ kó sì tẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Bí orin bá jẹ́ ti Beethoven, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ síwájú yín, ẹ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, kẹ́ ẹ yan tiyín. Tó bá jẹ́ ti Bánkọ́lé, ó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá náà. Ẹ̀yin lẹ máa wá ìwé rí, kẹ́ ẹ mọ ibi tí àṣìṣe títẹ̀ wà, kẹ́ ẹ pinnu bó ṣe máa yára tó, kẹ́ ẹ tún wá ilé iṣẹ́ tó máa gbé àwo tí ẹnikẹ́ni ò béèrè fún jáde. Lẹ́yìn náà, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe ni gbogbo ayé á rò pé ó jẹ́ orin náà gan-an.

Kì í ṣe Omordia nìkan ló ti ṣe é. William Chapman Nyaho, ọmọ Ghana tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, gbé àwo Senku jáde ní 2003, ó sì tún gbé òmíràn tó pè ní Asa jáde ní 2008. Ìgbésẹ̀ tirẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò fi mọ sórí àwo. Láti 2007, ó kó orin piánò àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ìran wọn lókè òkun jọ sínú ìwé alápá márùn-ún tí Oxford University Press tẹ̀, láti orí èyí tí ọmọ ilé ìwé lè tẹ̀ dé orí èyí tó máa mú ọ̀gá làágùn. Omordia ní tiẹ̀ dá African Concert Series sílẹ̀ ní London ní 2019, ètò náà sì ti dé Wigmore Hall. Ní Ethiopia, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, Emahoy Tsegué-Maryam Guèbrou, ló tẹ orin ara rẹ̀ sílẹ̀. Jámánì ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní 1967. Ayé ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n títí wọ́n fi tún un gbé jáde ní 2006. Ó pé ọmọ ọdún 99 kó tó kú ní 2023, ó rí i pé wọ́n gbọ́ òun. Bánkọ́lé ò rí bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kódà tí yóò bá jọ ti aláìmoore. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ò tó orin. Ẹni tó ní fọ́tò kan láyé rẹ̀, fọ́tò yẹn ló di ojú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí inú ń run ún ni wọ́n yà á. Piánò lè tẹ nóòtì Euba pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ibi tí ìka á ti tẹ̀ ẹ́ lágbára díẹ̀, ibi tí ó ti máa fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń dáhùn ìkíni, ibi tí ó ti máa gé e kúrú bí ẹni ń bú ni, ìwé orin ò lè kọ gbogbo ìyẹn. Etí tó gbọ́ èdè náà ló mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí rẹ́kọ́ọ̀dù ti London wà. Ó yẹ kí ti Ìbàdàn wà, kí ti Abẹ́òkúta wà, kẹ́ni tó bá fẹ́ lè fi wọ́n wéra. Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí pé ṣé a ò lẹ́bùn. Ní MUSON l'Ékòó nìkan, láti 1989 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní orin kílásíkà. Owó ni, iná ni, piánò ni. Piánò tó pé, tí ooru àti ọ̀rinrin ò tíì bà jẹ́, tẹ́nì kan sì ń yí okùn rẹ̀ sí ohùn nígbà tó yẹ, mélòó lẹ mọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀ yìí?

Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa, bọ́tìnnì 61 ló ní. Ti piánò jẹ́ 88. Márùndínlógún ló ti sọnù lápá ìsàlẹ̀, méjìlá lápá òkè. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé mo gbìyànjú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ìmọ̀ orin ní yunifásítì yá mi ní ẹ̀dà ọ̀kan nínú àwọn orin aláìlọ́rọ̀ Euba yẹn, fọ́tókọ́pì tí eruku ti mu. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, lọ́sàn-án, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣófo. Ibi tí nóòtì bá ti bọ́ sí ibi tí bọ́tìnnì ò sí, mo gbé e sókè. Ẹni tó ń bójú tó ilé ìjọsìn bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ló kú. Ó ní orin náà ò ní ìyìn nínú.

Ọjọ́ tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo gbé fóònù sórí àga, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gba ohùn sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń lu gángan fún wa wọlé láàárín rẹ̀ láti wá mú ìlù rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn títí mo fi parí, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ má bínú o. Ẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ti òkè òkun dé.”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ wo? Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

Kò bá mi jiyàn. Ó fa gángan sábẹ́ apá, ó fún okùn rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, ó sì lu ìlà àkọ́kọ́ padà fún mi. Ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ibi tí mo ti ń sáré kọjá, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni ń fà á mọ́ ẹnu. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sídìí kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Ó mi orí. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ló tó ní, “Ẹn-ẹ́n.”

A gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ta omi tútù ń dún nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.